Kọ̀ńpútà Mẹ́fà Bọ̀ọ̀dá Sulé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Yantala, àdúgbò kan ní ìlú Niamey, mo rò pé gbogbo ilé ló ní yàrá kan tí wọ́n ti ń tú kọ̀ńpútà palẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Niamey nígbà tí sáíbà, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń sanwó lo kọ̀ńpútà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde, ẹ ó rántí òórùn yẹn: eruku gbígbóná, òjé tó ń yọ́, àti àpò tí a rẹ sómi tí a fi bo fèrèsé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lè tutù díẹ̀. Zarma là ń sọ níta, Faransé nílé ìwé. Inú ilé nìkan ni Yorùbá wà, nítorí Bàbá mi, tó ń ta aṣọ, kì í dá ọmọ tó bá fi èdè mìíràn kí i lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Sulé, kò fẹ́ tẹ̀lé Bàbá lọ sídìí aṣọ. Ọjà Katako ló ń lọ. Láàárín pákó àti irin àlòkù, ó máa ń ṣa kọ̀ńpútà tí àwọn ọ́fíìsì ti jù nù, á gbé e lé itan nínú taksí bí ẹni gbé ọmọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú wọn. Bí mo bá gbá a dáadáa, á ra kópító fún mi, ewé sísè tí wọ́n fi ẹ̀pà gígún pò, tí mo fẹ́ràn ju ẹran lọ. Bí mo bá fi ọwọ́ tútù kan inú rẹ̀, ìgbátí ni.

Mẹ́fà ló kó jọ. Márùn-ún ní ìrántí mẹ́gábáìtì igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀kẹfà kò ní ju ìdajì ìyẹn lọ. Windows àdàkọ ló kọ́kọ́ wà nínú wọn, fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò ẹ̀rọ, sì ń bá gbogbo ẹni tó bá ki díìsìkì bọ̀ wọ́n wọlé. Ìgbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Lamordé fún un ní díìsìkì Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ńpútà bíi Windows. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí inú rẹ̀ wò láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀rọ tí mo ti máa ń fọ àwo tán kó tó jí, kí n tó fọ ife méjì ó ti jí.

"Mòríámọ̀, kòkòrò kì í wọ eléyìí," ni Bọ̀ọ̀dá Sulé wí. Ó gbà á gbọ́ débi pé kò da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn mọ́.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé wa. Bàbá dá ìgbà fún un: "Bí Iléyá bá dé tí ibí yìí kò ní èrò, wàá bá àbúrò mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wàá lọ máa ta aṣọ." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, òun ló sì ń kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ lórí ẹ̀rọ. Bó bá lọ, ta ni yóò kọ́ mi?

Ọ̀sán Ọjọ́rú, tí a kì í lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ àdúgbò ya dé. Eré bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn fẹ́. Wọn kò ṣe eré náà fún Linux, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Sulé wá ètò kan tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín eré àti ẹ̀rọ. Eré náà ṣí lóòótọ́. Àmọ́ pákó kékeré inú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde nílò ètò tirẹ̀ kó tó lè sáré, àwọn tó ṣe pákó náà kò sì ṣe ti Linux. Àwọn olóore kan ló ń méfò bí wọn yóò ṣe ṣe é, ìdajì ni wọ́n sì ṣe dé. Bọ́ọ̀lù dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Sulé, ṣé ara bọ́ọ̀lù yín kò yá ni?" Hamidu, ọmọ ilé kejì, ló bẹ̀rẹ̀.

"Ó ń kírun ni," ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kó sálámà ná!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì, níbi tí Windows àdàkọ wà. Àwọn àgbà náà kò dúró. Olùkọ́ kan gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ wá. Bó ṣe ṣí i lọ́dọ̀ wa, àwọn ìlà rẹ̀ yẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló bọ́ sí ojú ìwé kejì. "Sulé, ẹ̀rọ rẹ dára o," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ọ̀gá tó máa gba lẹ́tà yìí kò ní gbọ́ àlàyé."

Bàbá ló kọ́kọ́ là á yé mi, nígbà tí a ń jẹun: "Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, télọ̀ kì í kọ́ rírán rẹ̀. Aṣọ tí télọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n rán, ta ni yóò rà á?" Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. N kò tíì rí èyí tó sọ ọ́ yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá Sulé ní òun yóò rán tòun fúnra òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré dárà, èyí tí a máa ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú iyanrìn, tí a ń fi òkúta àti igi ta, kí àwọn ọmọ lè máa ta á lórí kọ̀ńpútà, ní Zarma, ní Faransé àti ní Yorùbá. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ ọ́, lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá, ó ní ó ku díẹ̀ kó parí, nígbà tí mo rí báàgì ìrìn-àjò tuntun lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá.

Ẹ̀rù ni mo fi ronú. Mo ní bí ẹ̀rọ kan péré bá ní Windows, àwọn ọmọ á padà, Bàbá á rí èrò. Hamidu yá mi ní díìsìkì. Ní Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ki í bọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́, nítorí òun ló ń yára jù. Windows kì í dá ọ̀nà tí Linux ń gbà to nǹkan mọ̀. Ó kọ ọ́ síwájú mi ní Faransé: "Inconnu", ìyẹn ni pé òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi tí mo máa ń ṣe ipò kìíní nínú Faransé, mo rò pé ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni, pé ibòmíràn nínú ẹ̀rọ ni dárà wà. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bọ̀ọ̀dá Sulé dé pẹ̀lú ẹní ìkírun léjìká. Ó wo ojú ẹ̀rọ títí.

"Mòríámọ̀, dárà dà?"

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Ìlà díẹ̀díẹ̀ ló rí, tí kò lórí, tí kò nírù. Mo ń retí ìgbátí, kò dé. Títí di òní, mo rò pé ì bá sàn kó gbá mi.

Ní Ọjọ́rú, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Hamidu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo góòlù lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo náà, àwọn tó kù ń dúró de ìpín tiwọn. Bàbá yọjú, ó rẹ́rìn-ín. "Sulé, èrò ti dé. O lè dúró."

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni Bọ̀ọ̀dá Sulé wí. "Kì í ṣe èyí ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Ọjọ́ kẹta Iléyá ló wọkọ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún mi.

Lóde òní, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun, èmi ni mo sì kọ́ ara mi. Ètò ògbufọ̀ yẹn ti dára débi pé eré púpọ̀ ń sáré lórí Linux bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ó ku àwọn eré ìdíje orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀ṣọ́ wọn, tó ń lé àwọn tó ń ṣe màgòmágó, ṣì ń lé Linux náà. Ó sì ku ìwà ọmọ ènìyàn: ohun tó bá bá ẹ̀rọ dé láti ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ tiwa kò tilẹ̀ bìkítà, orí fóònù ni wọ́n wà. Nígbà tiwa, a ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ láti mọ inú rẹ̀, kò sì sí eré. Nísinsìnyí eré wà, kò sẹ́ni tó ń ṣí nǹkan kan.

Lóṣù tó kọjá, mo pe Bọ̀ọ̀dá Sulé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ fún un pé eré bọ́ọ̀lù yẹn ti ń sáré lórí Linux, pé bọ́ọ̀lù kò dúró mọ́.

"Ó dáa, àbúrò mi. Ó dáa." Ó yí ẹnu kúrò lórí fóònù. "Ẹ máa wọlé, Màmá. Ọ̀pá mélòó?"

Mo gbọ́ tó ya aṣọ. Kò rántí pa fóònù.