Ọmọ Tí Mo Gbé Sí Àyà

Ọmọ tí a bí ní oṣù méje kò wúwo. Bí ẹyẹ tó bà síni láyà ló rí, ẹ̀rù á máa bani pé bí a bá húkọ́, yóò fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin mi rí ní Ìkòtún láyé ìjọba ológun, nígbà tí mo jẹ́ káfíńtà tí kò mọ̀wé.

Ìyàwó mi bí i tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kí a tó gbé e dé ọsibítù ńlá, ó ti dákẹ́. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ọmọ sí kò ní ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ẹ̀kọ́ dé. Ó ní wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀: bí a bá tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àyà lásán, ara kan ara, ó máa ń yè ju èyí tí a kàn fi aṣọ wé lọ.

Mo ní, “Ìyá rẹ̀ ti kú.”

“Ẹ̀yin náà láyà, àbí ẹ ò ní?” Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi fúnra rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ ọmọ náà títí yóò fi lágbára.

Mo fi ọ̀já ìyàwó mi so ó mọ́ àyà, mo wọ kóòtù lé e nínú oòrùn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ta ni mo ń tàn? Bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kì í jẹ́ kí n kọjá: “Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ṣé ọmú ń sun ṣá?” Mo máa ń bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ ń gbé wàrà mì, ojú rẹ̀ sì ń là.

Ìyá ìyàwó mi ti Ìgándò wá tọ́jú wa. Òun ló wẹ gbogbo ọmọ agboolé wọn. Wọ́n gbà pé ọmọ tí a kò wẹ̀ dáadáa ní ìkókó yóò máa rùn dàgbà.

“Ọkọ ọmọ mi, ọmọ tí ò níyàá, kó tún wá máa rùn?”

Mo ní kí a ṣe sùúrù. Ó mi orí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo gbé ọmọ sí i láyà, mo lọ ra oyin àti orógbó lọ́jà. Kí n tó dé, ó ti fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, ó ti dì í lápá jù ú sókè, ó ti fi àdí pa á lára. “Wò ó, ó jọ ìyá rẹ̀!” Mo gbà á. Ó tutù bí omi àmù. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí, kò móoru mọ́. Kí nọ́ọ̀sì tí mo ránṣẹ́ pè tó sáré dé, ọmọ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá dojú bolẹ̀. “Ṣé omi yẹn ni?”

“Rárá, ìyá. Ìyá rẹ̀ ló wá mú un.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Nígbà tí mo sìn ín jáde ló ní, “Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ́. Ṣé ọkùnrin ló ń wẹ ọmọ ní ilẹ̀ yìí ni?” Láti ìgbà náà, kì í kọ́ òbí kan láìjẹ́ pé ìyá àgbà ilé wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ní ọdún kejì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìyá ló lọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, ó sì gbọ́ pé a kì í wẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí pákó.

“O mọ̀. O mọ̀, o sì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi.”

Ó dìde, ó lọ gbé ọmọ yẹn sí àyà tirẹ̀, àyà arúgbó tó ti hunjọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi kàn án. Ọmọ náà yè. Ó ti di abiyamọ báyìí. Ìyá ti lọ tipẹ́, èmi kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ yẹn lórúkọ, ìyá ní kí èmi náà fún un ní orúkọ kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi, èyí tí èmi àti ìyàwó mi ti mú sílẹ̀ fún ọmọ tiwa. N kò lè pè é. N kò tíì pè é títí di òní.