"Mo Gbà" Lójú Kọ̀ǹpútà Àbúrò Mi

Atẹ̀wé ni àbúrò mi obìnrin. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé nígbà tó kọ́ṣẹ́, ìka rẹ̀ sì mọ̀ wọ́n lójú oorun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò bá a jà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló ṣe ètò tó fi ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé, ètò kan ṣoṣo tí kì í ṣi àmì ohùn gbé.

Lọ́jọ́ kan, aṣojú ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní àwọn náà ti ṣe ètò ìtòwé, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo béèrè ohun tó ń pa ọlọ́jà lẹ́rìn-ín tó fi ń pín ọjà rẹ̀ kiri. Ó ní ìfẹ́ oníbàárà ni. Ara fu mí. Ìfẹ́ wo ló pa àwa àti àwọn pọ̀?

Bó ṣe ń gbé ètò náà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ kan yọ lójú rẹ̀, bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: "Mo gbà." Àbúrò mi, ọmọ tí a kọ́ nílé, rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ti tẹ òun lọ́wọ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ dúpẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètò àtijọ́ kọ̀, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun dí i lọ́nà nítorí ààbò wa. Gbogbo iṣẹ́ àbúrò mi, títí kan ìwé àrùn ẹran ọ̀sìn tó ń tò lọ́wọ́, ni ètò tuntun ti yí padà sí irú èyí tí òun nìkan lè ṣí. Ó wá yé mi pé àwa kọ́ ni wọ́n ń dọdẹ; ilé-iṣẹ́ kékeré náà ni wọ́n fẹ́ lé kúrò lọ́jà.

A ránṣẹ́ pe aṣojú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ gbà, mà."

"Mo gbà á lọ́wọ́ yín ni," àbúrò mi dá a lóhùn. "Ohun tí mo bá gbà, mo lè dá a padà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí bọ́tìnnì fún ìyẹn, àfi kí á nu kọ̀ǹpútà náà mọ́ pátápátá, tiṣẹ́tiṣẹ́. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti wò wá, wọ́n sì ti gbà pé a kò ní láyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Nù ún."

Ó nù ún. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà sì bá wa gbé ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò darí. Nísinsìnyí, èmi ń ka ẹ̀dà ìwé àrùn ẹran náà, èyí tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ sórí bébà fún àyẹ̀wò, sí i létí, òun ń tò ó lọ́tun. Lánàá, a dé orí ìgbẹ́ gbuuru màlúù. Ó ní kí n tún un pè, pé ohùn mi kò dá ṣáká. Mo tún un pè.