Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Adja-Ouèrè ní Bojúbojú

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo kúrò nílé ní Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ń gbẹ̀bí ní Adja-Ouèrè nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló ní kí n wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ lọ́dọ̀ wọn bí wọ́n ṣe lè tètè mọ ohun tí òyìnbó ń pè ní òtísímù. Ọmọ tó bá ní in lè má wojú ẹni, ó lè má dáhùn orúkọ rẹ̀, ó sì lè má nàka sí ohun tó wù ú kí ìyá rẹ̀ bá a wò ó.

Mo gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo, mo wọ Pijó tó ń lọ sókè. Nílé, ẹnì kan ló ń jókòó ti awakọ̀. Níbẹ̀, àwa méjì ni. Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò, sójà kan fi Faransé kígbe pé ká múra sílẹ̀ fún ìyípadà, bí ìjọba wọn ṣe ní kí wọ́n máa kí ara wọn nígbà náà. Gbogbo èrò ọkọ̀ dá a lóhùn pé ìjà ṣì ń lọ. Èmi nìkan ni mo sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Sójà náà rẹ́rìn-ín.

Sùlé awakọ̀ wa ní, "Màmá, kámárádì ni gbogbo wa níbí."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Bí epo bá ti wà lọ́kọ̀, kámárádì ni mí."

Ní Sakété, mo ra àkàsà, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀kọ, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tó mú mi sunkún. Láti ibẹ̀, ọ̀pẹ ló tò lọ rẹrẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì, eruku pupa sì ń bù wá lójú títí a fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ìwọ̀n mọ ìwúwo ọmọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ọmọ ń rẹ́rìn-ín síni." Ni a bá ń ṣe bojúbojú láàárín ara wa, ká lè mọ bí a ó ṣe máa bá ọmọ ṣeré wò ó. Àgbà inú wọn lọ fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọjọ́ kẹta, a lọ wọn ọmọ ní Massè, ìlú kan nítòsí. Obìnrin kan, Àbẹ̀ní, gbé ọmọ ọwọ́ wá. Àjàyí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó ti ń rìn dáadáa, jókòó nílẹ̀, ó ń fi ọmọrí ìkòkò kan pòòyì. Ìyá ọkọ Àbẹ̀ní ní adití ni Àjàyí, àwọn sì fẹ́ mú un lọ fín gbẹ́rẹ́ sí etí lọ́jọ́ ọjà.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan, Nàsíràtù, pe Àjàyí léraléra. Kò wòkè. Nàsíràtù bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó rún ọ̀rá bisikíìtì jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Àjàyí yíjú kíá.

Ìyá àgbà náà ní, "Etí rẹ̀ là. Kí wá ni ká fín gbẹ́rẹ́ sí?"

Inú mi dùn. Àfi bí Àbẹ̀ní ṣe bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó ń gbọ́ mi látọjọ́ yìí, kò kàn fẹ́ dá mi lóhùn?"

Gbogbo àmì ni mo ti kọ́ wọn. N kò múra sílẹ̀ fún èyí. Nàsíràtù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Ìyá Àjàyí, ó fẹ́ràn yín. Ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ ni kò tíì rí. Ẹ bá a ṣe ohun tó ń ṣe."

Àbẹ̀ní nu ojú, ó mú ọmọrí mìíràn, ó fi pòòyì. Àjàyí dúró. Kò wojú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọrí Àbẹ̀ní dúró, ó fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ lé e lórí pé kó tún un ṣe. Wọ́n ṣe é títí a fi kó ìwọ̀n wa. Ìyá àgbà ní òun kò ní mú un lọ fín gbẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ọjà mọ́. Nàsíràtù ṣèlérí pé òun yóò máa yà wọ́n wò.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé Abẹ́òkúta. Ọkọ mi gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó bèèrè bóyá wọ́n mọ ohun tí mo kọ́ wọn. Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi kún un fún mi. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, n kì í fi àmì bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè Àbẹ̀ní ni mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n, màá sì dúró kí wọ́n wá ohun tí wọn yóò sọ fún un.