Ààrò Onípákó fún Bàbá Ọláolú

Ní ayé SAP, nígbà tí ojú ń pọ́n gbogbo ará Èkó, Ọmọ́ṣaléwá gbọ̀nà Pápá Àjàó lọ, ó ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Mushin dó: ààrò tí a kì í dáná sí.

Ọkọ rẹ̀ ló ń wá a fún. Akínyẹlé, Bàbá Ọláolú, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tirẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì ń dún bí ìbọn. Bó bá ń jiyàn ní Ìpọ̀nrí, àwọn apẹja Ìwáyà á dá ọkọ̀ dúró láti dá sí i. Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń rìn padà, ọwọ́ ti ń mú ṣíbí, ẹnu nìkan ni kò là. Á kàn jókòó, á kọjú sí ògiri pálọ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Dókítà ní kí Ọmọ́ṣaléwá máa fi ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ hàn án. Ẹnu lè là, ó sì lè má là mọ́.

Ló bá rántí yàrá tí wọ́n gbé ní Manchester nígbà èwe wọn, níbi tí òtútù ti ń gé etí ènìyàn bí abẹ. Inú ògiri ni wọ́n ti ń dá iná èédú. Wọ́n fi igi yí ẹnu ààrò náà ká bí férémù ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ pẹpẹ lé e lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni Akínyẹlé ti máa ń jiyàn títí èédú á fi di eérú.

Jẹ̀lílì, káfíńtà kan ní Pápá Àjàó, ẹni tí wọ́n ní bó bá ti wo igi, igi á là fúnra rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fọwọ́ lérí.

"Màmá, nínú ooru yìí? Ta ló fẹ́ yáná?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní yá a. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

Jẹ̀lílì fa pákó ìrókò yọ. Ọmọ́ṣaléwá fọwọ́ kàn án, ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, nítorí apá rẹ̀ kò ká owó rẹ̀. Jẹ̀lílì tún gbé Fọmáíkà kan jáde tó ń dán bí òkúta ààfin.

"Owó tèyí ò pọ̀. Àwọn ọlọ́lá gan-an ò ní mọ̀ pé kì í ṣe òkúta."

"Ó ti lẹ́wà jù. Yàrá tálákà la gbé níbẹ̀, ọmọ mi. Fi páílì, pákó pẹlẹbẹ yẹn, kàn án, kí o kùn ún bíi bíríkì pupa."

"Inú ihò yẹn ńkọ́? Ṣé tẹlifíṣàn ló máa wọ̀ ọ́, àbí kí n fi dígí sí i fún abọ́ aláràbarà?"

"Òfo ni kó wà."

"Há! Mi ò ta òfo rí o. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń tà á."

"Fi ta mí lọ́rẹ."

"Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló! Òfo náà, ẹ ṣì ń dúnàá dúrà lé e lórí!"

Nígbà tí Jẹ̀lílì kàn án tán, wọ́n fi ọmọlanke gbé e délé, wọ́n gbé e ti ògiri. Akínyẹlé wò ó. Ó dìde, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tì í, ààrò náà mì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú ihò, ó wòkè, ó wo aya rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Èé… èéfín."

"Kí lẹ wí?"

"Èéfín! Ibo… ibo ni yóò gbà jáde? Ọ̀dẹ̀ wo ló kàn án?"

Ọmọ́ṣaléwá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ yin Olúwa, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀: ẹni tí a bá ń yìn á dákẹ́, ẹni tí a bá jà níyàn ni yóò fèsì.

"Ojú fèrèsé ni yóò gbà," ló wí.

"Fèrèsé kẹ̀! Ṣaléwá… o fẹ́ pa wá?"

"Mo ní fèrèsé ni, Bàbá Ọláolú. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Èmi! Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n?"

Bàbá Ọláolú fa àga sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò náà, ó jókòó, ó ń fi ọ̀pá nalẹ̀. Ọmọ́ṣaléwá nu ojú, ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò gbà fún un.