Sùtánà Àǹtí Àmọ̀kẹ́

"Kúnmi, má jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà fún mi."

Ohun tí Àǹtí Àmọ̀kẹ́ sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Kúnmi gbé ògì gbígbóná lọ fún wọn ní ọsibítù. Wọ́n mu díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọjú sí ògiri, oorun gbé wọn lọ. Kúnmi rò pé ọ̀rọ̀ oorun ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àǹtí ti lọ.

Ẹni tó bá ti wọ sùtánà funfun rí nínú ìjọ Aládùúrà kò ní béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Sùtánà kì í bá bàtà rìn. Ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń tẹlẹ̀ ilé Ọlọ́run, ìbáà jẹ́ inú òtútù Barking nílùú òyìnbó. Bí onísùtánà bá kú, sùtánà náà ni wọ́n fi ń sin ín, láìsí bàtà. Àǹtí ń sọ pé kí wọ́n sin òun bí ọmọ Aládùúrà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjọ tí wọ́n ti dàgbà ti ní Àǹtí kì í ṣe ọmọ òun mọ́.

Bọ́ọ̀sì ni Àǹtí ń wà, láti Marks Gate sí Barking. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, ẹnu wọn sì mú. Òyìnbó ọ̀mùtí kan bú wọn lọ́jọ́ kan. Àǹtí fi Yorùbá dá a lóhùn pé kó sọ̀ kalẹ̀ kó lọ sùn. Òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀. Bóyá ó gbọ́ ni o, bóyá ojú Àǹtí ló rí, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Orí bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ti rí Kúnmi. Bàbá ẹ̀ gbọ́ pé ọkùnrin bíi tiẹ̀ ló ń fẹ́, ó sì lé e jáde nílé. Kúnmi gbé báàgì lé itan, ó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ dé òpin, kò sọ̀. Ọkọ̀ padà, kò sọ̀. Àǹtí pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọmọ, ṣé ìwọ náà ń gbowó oṣù lórí ọkọ̀ yìí ni?"

Kúnmi ò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ gbogbo ẹ̀.

"O ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Jókòó síbẹ̀. Mo máa tó ṣíwọ́."

Bó ṣe dé ilé Àǹtí ní Barking Riverside nìyẹn. Àlejò ọjọ́ kan ló pè é. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nígbà yẹn, Ìyá Àdúrà ni Àǹtí nínú ìjọ ńlá wọn. Ọmọbìnrin akọrin kan wà níbẹ̀, Yẹmí. Àwọn àgbà ìjọ gbọ́ pé obìnrin ni Yẹmí ń fẹ́. Ni wọ́n bá tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa gbààwẹ̀ títí ẹ̀mí náà á fi jáde. Àǹtí lọ pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn. "Dìde, jẹ́ ká lọ." Wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sílé, wọ́n dín ẹyin fún un.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, ìjọ ní kí Àǹtí tọrọ àforíjì, àbí kí wọ́n gbé oyè sílẹ̀. Àǹtí tú ìgbànú oyè, wọ́n gbé e lé tábìlì.

"Ẹ gba ìgbànú yín. Àdúrà ò sí lára ìgbànú."

Ìjọ yọ Àǹtí. Àǹtí wá gba gbọ̀ngàn kékeré kan létí odò, ní Riverside níbẹ̀, láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n pe ìjọ náà ní Ilẹ̀kùn Ṣíṣí. Àbẹ́là wà níbẹ̀, tùràrí wà, orin Yorùbá wà, ẹsẹ̀ lásán sì ni gbogbo wọn. Kò sóhun tó yàtọ̀, àfi pé wọn kì í lé èèyàn. Ọkùnrin méjì tó ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya ń jókòó pọ̀, wọ́n ń dìde pọ̀. Ìrètí wà níbẹ̀, tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó ní obìnrin lòun. Àǹtí fúnra wọn ló dé fìlà àwọn obìnrin ìjọ sí i lórí, níwájú gbogbo èèyàn. Ìwàásù wọn kì í gùn. "Ọlọ́run tó dá yín kò ṣe àṣìṣe. Ó yá, ẹ kọrin."

Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Morákinyọ̀, àbúrò Àǹtí, ló ni òkú. Ìjọ ńlá yẹn ni Bọ̀ọ̀dá ṣì ń lọ. Wọ́n pe Kúnmi lórí fóònù: lésì ni Àǹtí máa wọ̀, àwọn ti ra bàtà.

Kúnmi mú Yẹmí, wọ́n lọ bá wọn nílé ní Eastbury. Bàtà funfun náà wà nínú páálí lórí tábìlì. Bọ̀ọ̀dá wo Yẹmí lórí.

"Yẹmí, o ti gé irun."

"Òtútù ò pa mí, sà."

Kúnmi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ yí po. "Bọ̀ọ̀dá, sùtánà ni Àǹtí fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n má wọ bàtà fún àwọn."

"Ta ni wọ́n sọ fún?"

"Èmi, sà."

"Kí ni ìwọ jẹ́ sí wọn?"

Kúnmi wo ilẹ̀. "Èmi ni mò ń fọ sùtánà yẹn, sà. Èmi náà ni mò ń tẹ áyọ́ọ̀nù sí i."

"Sùtánà kì í ṣe aṣọ ẹnì kan. Ti ìjọ ni. Ìjọ sì ti yọ wọ́n."

"Ìjọ kọ́ ló rà á, sà," Yẹmí ní. "Ọjà Barking la ti ra aṣọ ẹ̀. Àǹtí ná an títí ojú fi tì mí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n gbé e mì.

"Ta ló máa wẹ Àǹtí, sà?" Kúnmi béèrè. "Ta ló máa wọṣọ fún wọn?"

Nínú ìjọ Aládùúrà, àwọn ìyá ìjọ ló ń wẹ obìnrin tó bá kú, pẹ̀lú àdúrà àti orin. Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ lé páálí bàtà náà.

"Mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi gbààwẹ̀ fún nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ kan ẹni tí ìjọ ti yọ." Wọ́n ti páálí bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn òyìnbó tó ń tọ́jú òkú ló kù. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa sùtánà? Mo ní kí n kúkú ra ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n wọ̀."

"Àwa wà, sà," Yẹmí ní. "Èmi àti Ìrètí àti màmá ẹ̀."

"Ìrètí yẹn kọ́? Ọkùnrin ni, jàre."

"Obìnrin ni, sà," Kúnmi ní. Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. "Àǹtí ló dé fìlà fún un. Tí a bá yọ ọ́, kì í ṣe Àǹtí la ń sin."

Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ pa ojú. "Alágídí ni ẹ̀gbọ́n mi."

"A mọ̀, sà."

"Láti kékeré." Wọ́n dé páálí náà. "Ẹ gbé sùtánà wá. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ìjọ yín ńkọ́, sà?"

"Wọ́n á bínú. Ìgbà tó bá sú wọn, wọ́n á ṣíwọ́."

Yẹmí àti Ìrètí àti màmá ẹ̀ wẹ Àǹtí. Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bá wọn gbe orin láti ìta. Àwọn obìnrin náà wọ sùtánà fún Àǹtí, wọn ò sì fi nǹkan kan sí ẹsẹ̀ wọn.

Ọjọ́ ìsìnkú, gbọ̀ngàn kún. Kò sẹ́ni tó wá láti ìjọ ńlá àfi Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n jókòó. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn.

"Kúnmi, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Iwájú ni ẹbí ń jókòó."

Kúnmi lọ jókòó níwájú. Ibẹ̀ ló ti sunkún, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí wọ́n ti ibojì dé, tí wọ́n jẹun tán, Yẹmí ní òun á dúró bá Kúnmi tún gbọ̀ngàn ṣe. Kúnmi ní kó máa lọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bu omi gbígbóná sínú ike, ó mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó kúnlẹ̀. Àbẹ́là ti yọ́ sílẹ̀ káàkiri. Ibi tí wọ́n gbé pósí sí ló pọ̀ jù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.