Àpò Kùkúḿbà Tí Mo Gbé Lọ Ẹnu Ọ̀wá Nínú Ààwẹ̀

Ládàánì ò tíì pe ìrun àsùbáà ní Iléṣà tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń lọ tààrà sí Ìdúmọ̀tà, àpò kùkúḿbà kan láàárín ẹsẹ̀ mi. Ẹgbàárùn-ún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún fẹ́ gba ti àpò.

Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹrù yìí tó èrò kan o."

Mo ní, "Ó tó, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé Èkó. Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi mí sílẹ̀.

Fẹ́mi, àkọ́bí mi tó ń ṣe olùkọ́ ní Iléṣà, ló rí ìyàwó, ilé wa náà ló sì fẹ́ mú un wá. Ṣùkúrà lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Mùsùlùmí délẹ̀délẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwa. Àlàájà, ìyá bàbá Ṣùkúrà tó tọ́ ọ dàgbà, ló di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní ọmọ òun ò ní lọ máa gbààwẹ̀ láàárín àwọn tí á máa jẹun lójú rẹ̀. Mo ní kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ rí i. Iṣu là ń gbé lọ sílé àna lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Ṣùkúrà ti sọ fún mi pé nílé àwọn, tí oòrùn bá wọ̀ tí wọ́n bá ń ṣínu, kùkúḿbà kì í wọ́n nínú abọ́. Èmi sì ń gbìn ín ní àkùrọ̀, létí odò. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.

Ọ̀nà gbò wá jìgìjìgì títí dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó dán. Nígbà tí a gun afárá gígùn orí ọ̀sà, èmi ọmọ ilẹ̀ olókè, mo di àpò mú bí ẹni pé òun ló máa gbà mí. Ní Ìdúmọ̀tà, alábàárù kan gbé e rù, ó ń ké "Àgò o, àgò o" láàárín èrò, mo ń sáré tẹ̀lé e. Àwọn ilé Ẹnu Ọ̀wá, àdúgbò Àlàájà, sún mọ́ra débi pé ẹni tó wà lójú fèrèsé lókè lè na ọwọ́ gba iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Nílé tiwa, wàá kọ́kọ́ pariwo ná.

Àlàájà jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ààwẹ̀, mà." Ẹnu èmi náà ló sọ ọ́ o. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé ohun jíjẹ dé ilé àna gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé inú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi kàn ṣe ohun tó mọ̀. Mo yọ kùkúḿbà kan, mo gé e jẹ, mo sì na ìyókù sí Àlàájà. Gbogbo obìnrin ilé ń wò mí. Ó tún wá korò. Ojú mi fún pọ̀.

Àlàájà ní, "Ìyá Fẹ́mi, ohun tí mò ń sọ náà nìyí."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwọn tó jìnnà sódò ni oòrùn mú korò. Ẹ jẹ́ kí n ṣà wọ́n kúrò."

"Ta ló máa tọ́ wọn wò? Gbogbo wa la gbààwẹ̀."

Ṣùkúrà, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, dá a lóhùn pé, "Ṣebí màmá Fẹ́mi ò gbààwẹ̀, Àlàájà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá wa tọ́ nǹkan wò lónìí."

Bí mo ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn. Mo ń gé orí kùkúḿbà kọ̀ọ̀kan, mo ń fi díẹ̀ kan ahọ́n, mo ń tu ú dànù. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, mo ní iyọ̀ ò tó. Wọ́n gbé àkàrà wá, mo ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà kún un. Àwọn tó ti ń fojú díwọ̀n iyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti ìdí ìkòkò kan dé òmíràn. Wọ́n bu oúnjẹ ọ̀sán fún mi, mo kọ̀. Ebi ń pa mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹun lójú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó korò náà ò ṣòfò. Mo rin wọ́n, mo fún omi wọn, mo rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀, mo gbé e sínú fíríìjì. Nígbà tí àwọn obìnrin kúrò nídìí iná àkàrà, tí ojú wọn ń gbóná, mo tẹ́ aṣọ tútù náà lé wọn lójú. Ẹnì kan ń bẹ̀rù pé ó lè ba ààwẹ̀ jẹ́.

Àlàájà ní, "Ojú kì í ṣe ẹnu," ó sì gbé ojú tirẹ̀ wá. "Ṣé kì í bóra?"

"Rárá, mà. Ó kàn ń tu ara ni. Èyí tó bá ń bóra, ẹ sá fún un."

Nígbà tí ládàánì pè, Àlàájà jẹ dàbínò, ó mu omi, ó wá mú kùkúḿbà tí a gé mọ́ tòmátì. Ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. Èyí tí a lọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tán nínú jọ́ọ̀gì kí èmi tó rí bù. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi.

Àlàájà ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ̀ ń fi ẹnu kan oúnjẹ látàárọ̀, ẹ ò gbé e mì. Mo rí i. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ṣùkúrà ò lè dá jí jẹ sààrì." Sààrì ni oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ààwẹ̀ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. "Ta lá máa jí i nílé yín?"

"Èmi ni, mà."

Ó wá ní, "Ẹ ní kí bàbá Fẹ́mi máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ lẹ́yìn Ìtúnu."

Mo ti ṣẹ́gun. N kò tijú, mo jó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ Iléṣà pẹ̀lú àpò òfìfo àti orin lẹ́nu. Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé ẹni tó bá ṣì í ṣe nílé àna kò gbọdọ̀ sá, kó wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ni. Ọkọ mi ti ń dúró níwájú ilé.

Ó ní, "Wọ́n gbà, àbí wọn ò gbà?"

Mo ní, "Ẹ bá mi ra aago tó máa ń jí èèyàn. Kó jẹ́ èyí tó ń pariwo gan-an. Ìyàwó wa ò lè dá jí jẹ sààrì."