Àpótí Dígí àti Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tójú mi rí fún yín, torí bí n kò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́! Nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmè ni, tí Faransé ṣì ń pàṣẹ lé wa lórí, tí mo ń ránṣọ ní Kútọnu.

Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní dúwáànì, níbi tí wọ́n ti ń gba owó orí ẹrù, jẹ́ oníbàárà mi. Nígbà tó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó gbé àpótí dígí kan fún mi. Ẹja òkun ló ń sìn sínú rẹ̀. Kì í jẹ wọ́n o! Ó kàn máa ń jókòó wò wọ́n ni. Ó ní omi òkun nìkan ni kí n máa lò, kí n sì jẹ́ kó tòrò dáadáa kí n tó kó ẹja sí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ni télọ̀ fẹ́ fi ẹja tí a kì í jẹ ṣe? Ẹ̀rù ìyá ìyàwó mi ló ń bà mí! Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Kétu wá wẹ ọmọ. Màmá kò fẹ́ràn Kútọnu láti ilẹ̀ wá. Lójú tiẹ̀, orí yanrìn làwa ń gbé, a ò ní ebè iṣu kan ṣoṣo. Ó ti ránṣẹ́ pé bí òun bá dé tí ilé mi ò bá ṣeé tọ́mọ, òun á kó ìyá àtọmọ lọ sí Kétu. Àkọ́bí mi! Mo wá rò ó pé bó bá rí ohun ọ̀ṣọ́ òyìnbó ní pálọ̀ mi, á mọ̀ pé èèyàn gidi ni mo jẹ́.

Ni mo bá gbé korobá lọ sétí òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkun Kútọnu, ẹ mọ̀ pé kì í bá èèyàn ṣeré. Ìgbì gbé mi, ó gbá mi mọ́lẹ̀, ó gba bàtà mi lọ. Omi tí mo rí bù, ìdajì rẹ̀ yanrìn ni! Apẹja kan rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ rẹ̀ mú. Ó ní ṣé mo fẹ́ fi ìyẹn mọlé ni? Òun ló bá mi bu omi tó mọ́ níwájú ìgbì, òun náà ló mú àwọn ẹja kéékèèké abilà wá, irú èyí tó ń jẹ̀ nídìí òpó wáàfù níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí.

Àwọn àkọ́kọ́ kú. Mo ti kánjú, omi ò tíì tòrò. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà kú! Apẹja ní wọn ò rí atẹ́gùn mí. Òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, èmi ní kí ni? Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́! Mo so rọ́bà mọ́ ọn. Bí mo bá ránṣọ díẹ̀, mo tún sáré lọ fún ẹja ní atẹ́gùn. Àwọn aládùúgbò ń béèrè bóyá táyà ẹja ló jò. Àbẹ̀kẹ́ ní ká ní bí mo ṣe ń tọ́jú ẹja ni mo ṣe ń tọ́jú ọmọ ni, ọmọ ì bá ti máa rìn. Ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ! Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ẹ̀kẹta yè. Wọ́n ń wẹ̀ yí ká, oòrùn ń kàn wọ́n, wọ́n ń dán. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

Màmá dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo àpótí náà títí, ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì, ní kùtùkùtù, mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Nígbà tí mo máa padà dé lọ́sàn-án, dígí ń dán, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ẹja kankan ò sí níbẹ̀!

Màmá jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ní Kétu, bí obìnrin bá bímọ, wọ́n máa ń ra ẹja àrọ̀ láàyè sínú bàsíà omi kí wọ́n lè máa rí ọbẹ̀ ata sè fún un, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ omi náà kó má baà rùn. Òun rí i pé èmi náà ti tọ́jú ẹja de ọmọ òun. Àmọ́ ọkùnrin ò mọ irú iṣẹ́ yìí, torí òun tọ́ omi náà wò, iyọ̀ ti pa á! Ta ló ń fiyọ̀ sẹ́ja tí ò tíì kú? Kí Àbẹ̀kẹ́ tó jí ni òun ti da gbogbo rẹ̀ nù, òun fa omi kànga tó mọ́ sí i. Nígbà tí òun rí i pé wọ́n ń dojú ikùn sókè, òun yáa gbé wọn kaná kí wọ́n má baà ṣòfò.

Ta ló ń bínú sí ìyá ìyàwó? Mo wo Àbẹ̀kẹ́ pé kó gbà mí. Ó fojú pamọ́ sára ọmọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ wo ìkà!

Màmá gbé àwo síwájú mi. "Àna mi, ẹ jẹun."

Mo jẹ ẹ́. Ká sòótọ́, ó dùn, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

"Mo ti pinnu láti ilé pé mo máa kó wọn lọ ni," Màmá wí. "Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé ẹ máa ń fi pọ́ǹpù fún ẹja ní atẹ́gùn kó má baà kú. Nítorí ọbẹ̀ ìyá ọmọ! A kì í gba aya lọ́wọ́ irú yín. Ẹ máa tọ́mọ yín níbí."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí ẹ bá gbé ohun tuntun wọlé, ẹ ṣàlàyé ìlò rẹ̀ fún gbogbo ará ilé, pàápàá ẹni tó bá máa ń tètè jí. Èmi ò ṣàlàyé, mi ò sì lè ṣàlàyé mọ́ láéláé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi oore ba nǹkan yín jẹ́ rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ti dọ̀bálẹ̀ rí, pẹ̀lú egungun ẹja mi láàárín eyín, tó ń wí pé, "Ẹ ṣé o, Màmá, ẹ ṣé gan-an ni!"